Omi Oògùn Ìfọnu àti Ásíìdì Inú Èérí Eyín

Láti ayébáyé ni àwọn Yorùbá ti ń ka eyín sí ohun iyebíye. Eyín ni ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín. Eyín ni ọlọ tí ń lọ oúnjẹ kí ó tó dé ikùn. Bí eyín iwájú bá sì kán, ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá kì í já geere mọ́. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ọmọ tí a kọ́ dáradára tó lọ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àwọn òbí rẹ̀, yóò ti bọ́ ojú, yóò sì ti run orín. Bí eyín bá wá bẹ̀rẹ̀ sí dun ènìyàn, tí ihò dúdú sì yọ lára rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ ni pé kòkòrò ti ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Kòkòrò tí ń ba eyín jẹ́ kì í ṣe irú èyí tí ń jẹ igi, tàbí èyí tí ń jẹ àgbàdo nínú àká. Kò ní ẹnu tí ó lè fi bu eyín jẹ. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Ṣúgà inú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ ni òun náà ń jẹ. Bí ó bá sì ti jẹ ẹ́ tán, ásíìdì ni ó ń tú jáde. Ásíìdì yìí ni ó ń yọ́ eyín díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi lu sí i.

Lóde òní, oríṣiríṣi omi oògùn ìfọnu ni ó kún ọjà, tí a kọ ọ́ sí ara ìgò wọn pé wọ́n ń pa kòkòrò ẹnu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà wọ́n, wọ́n sì gbà pé bí wọ́n bá ti fi wọ́n ṣan ẹnu, kò sí ewu mọ́. Wọ́n lè jẹ ohun dídùn bí ó ti wù wọ́n. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olóye ènìyàn bèèrè ni èyí: bí a bá fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣan ẹnu, ǹjẹ́ àwọn kòkòrò náà yóò dẹ́kun láti máa ṣe ásíìdì? Bí wọ́n bá dẹ́kun, yóò ti pẹ́ tó? Ǹjẹ́ dídẹ́kun ásíìdì fún ìgbà díẹ̀ sì tó láti gba eyín là? Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣòroó yé ni, bí a bá tọ ọ̀rọ̀ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó fi ojú kan àwọn kòkòrò ẹnu ni oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Antonie van Leeuwenhoek. Ọkùnrin yìí kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ já fáfá nínú dídán dígí kéékèèké tí ń sọ ohun bíńtín di ńlá lójú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1683, ó kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó sọ nínú rẹ̀ pé iyọ̀ ni òun fi ń fọ eyín òun, síbẹ̀ ohun funfun kan, tí ó dà bí ìyẹ̀fun tí a fi omi pò, ń kù sí àárín eyín òun. Nígbà tí ó fi díẹ̀ nínú ohun funfun yìí sínú omi, tí ó sì fi dígí rẹ̀ wò ó, ẹnu yà á láti rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí wọ́n ń yí bírí, tí wọ́n sì ń sáré kiri bí ẹja nínú odò.

Leeuwenhoek kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọtí kíkan ṣan ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún wo èérí eyín rẹ̀, ó sì rí i pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí náà ṣì wà láàyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó po èérí náà mọ́ ọtí kíkan ní ìta ẹnu, wọ́n kú. Ó wá ronú pé ọtí kíkan tí òun fi ṣan ẹnu kò pa ju àwọn tí ó wà ní òde èérí náà lọ, nítorí kò lè wọ inú rẹ̀ já. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 300 ọdún tí a ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò tíì di ohun àtijọ́. Ohun tí ń pa kòkòrò nínú ife lè má pa á nínú ẹnu.

Ó tó 200 ọdún lẹ́yìn èyí kí ẹnìkan tó fi hàn gbangba bí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ṣe ń ba eyín jẹ́. Ẹni náà ni Willoughby Miller, oníṣègùn eyín ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin ní ilẹ̀ Jámánì. Ó mú eyín tí a ti fà yọ, ó fi í sínú itọ́ tí a po búrẹ́dì mọ́, ó sì gbé e sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ẹnu. Nígbà tí ó ṣe, itọ́ náà kan, eyín náà sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ó fi ọ̀rá ẹran rọ́pò búrẹ́dì. Eyín kò rọ̀. Ó tún se itọ́ tí a po búrẹ́dì mọ́ títí ó fi hó, kí àwọn kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ásíìdì kò sì jáde mọ́. Ní ọdún 1890, ó tẹ àwọn ohun tí ó rí sínú ìwé. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ pàdé kí eyín tó jẹrà: eyín fúnra rẹ̀, kòkòrò, àti oúnjẹ tí ó ní ṣúgà tàbí ìyẹ̀fun nínú. Ní ọdún 1924, J. Kilian Clarke ní Lọ́ńdọ̀nù rí ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà nínú eyín tí ó ti ń jẹrà, ó sì sọ ọ́ ní Streptococcus mutans. Orúkọ náà ni a ń pè é títí di òní olónìí.

Kí a tó sọ ọ̀rọ̀ oògùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí èérí eyín jẹ́. Bí a bá ti fọ eyín tán, kò pẹ́ rárá tí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti inú itọ́ yóò fi bò ó. Orí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni àwọn kòkòrò máa ń fi ṣe ibùdó. Àwọn kan kọ́kọ́ dé, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn; àwọn mìíràn wá lẹ̀ mọ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Àwọn kan nínú wọn tún máa ń fi ṣúgà ṣe ohun kan tí ó ń fà bí oje igi, èyí tí ó so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ eyín pinpin. Bí a kò bá fọ ẹnu fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ibùdó náà a di ìlú olódi. Nínú èérí tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ ju ènìyàn ìlú ńlá púpọ̀ lọ. Omi lásán kò lè ṣan ìlú yìí lọ, itọ́ kì í sì í tètè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ yìí gan-an, níbi tí èérí ti kan ara eyín, ni ásíìdì ti ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ bí ásíìdì ti pọ̀ tó ní irú ibi kékeré bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1909, onímọ̀ kan ní ìlú Copenhagen ní ilẹ̀ Denmark, tí a ń pè ní Søren Sørensen, ṣe òṣùwọ̀n kan tí gbogbo ayé ń lò títí di òní, èyí tí a ń pè ní pH. Lórí òṣùwọ̀n yìí, omi lásán tí kò kan, tí kò sì korò, wà ní 7. Ohun tí ó bá kan wà ní ìsàlẹ̀ 7, bí ó bá sì ti ń kan sí i ni iye rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láti 7 dé 5 kò tó nǹkan. Bí iye náà bá fi 1 lọ sílẹ̀, ìkan náà ti di ìlọ́po 10. Bí ó bá fi 2 lọ sílẹ̀, ó ti di ìlọ́po 100.

Ní àwọn ọdún 1940, Robert Stephan, onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ohun èlò tín-ín-rín kan láti fi wọn ìkan èérí eyín lẹ́nu àwọn ènìyàn tí ó wà láàyè. Ó ní kí wọ́n fi omi ṣúgà ṣan ẹnu, ó sì ń wo òṣùwọ̀n náà bí ìṣẹ́jú ti ń gun orí ìṣẹ́jú. Ó rí i pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ìkan èérí náà ti lọ sílẹ̀ láti ìtòsí 7 dé ìtòsí 5, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí padà sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbà á tó ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kí ó tó padà sí ipò rẹ̀. Bí a bá ya ohun tí ó rí yìí sórí ìwé, ó dà bí àfonífojì tí ẹ̀bá rẹ̀ kan dà gẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀bá kejì sì rọra gòkè. Gbogbo àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn eyín ni wọ́n mọ àwòrán yìí, orúkọ Stephan ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ìdí tí àwòrán yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ara eyín tí ó le tí ó sì ń dán máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ bí pH bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 5.5 lọ. Bí ìkan bá ti kọjá ibẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́síféètì tí a fi kọ́ eyín yóò bẹ̀rẹ̀ sí jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá ti fi olùṣọ́ sí ẹnu. Itọ́ máa ń ṣan ṣúgà lọ, ó ń pa ìkan ásíìdì, ó sì tún ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tí eyín ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń sọnù tí ó sì ń rí gbà padà lójoojúmọ́. Bí ohun tí ó ń rí gbà bá tó ohun tí ó ń sọnù, kò sí ewu. Bí ohun tí ó ń sọnù bá pọ̀ jù, ihò yóò yọ. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ihò eyín ń yọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Nígbà tí ènìyàn bá sì sùn, itọ́ kì í sun púpọ̀ mọ́. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó lá ohun dídùn kí ó tó sùn, tí kò sì fọ ẹnu, ti fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè láìsí ọdẹ.

Láti inú èyí ni a ti lè rí i pé iye ìgbà tí ṣúgà ń wọ ẹnu ṣe pàtàkì, bóyá ju bí ó ti pọ̀ tó lọ. Ẹni tí ó bá mu ohun ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan pọ̀ mọ́ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan ni ó sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì Stephan. Ẹni tí ó bá ń fẹnu kan irú ìgò kan náà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kì í tíì jáde nínú àfonífojì náà tán kí ó tó tún wọ̀ ọ́. Láàárín ọdún 1945 sí 1953, a ṣe ìwádìí kan ní ilé ìtọ́jú Vipeholm ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, èyí tí ó fi hàn pé súìtì tí ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn, ni ó ń ba eyín jẹ́ jù. Òtítọ́ ni ìwádìí náà mú wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà rí i kò dára. Àwọn tí a fún ní súìtì náà jẹ́ aláìlera ní ọpọlọ tí a kò gba àṣẹ lẹ́nu wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni eyín wọn sì bàjẹ́. Lónìí, kò sí òfin tí ó lè gba irú rẹ̀ láyè.

Wàyí o, kí ni oògùn lè ṣe? Ọ̀nà méjì pàtàkì ni oògùn apakòkòrò lè gbà dín ásíìdì kù. Èkínní, ó lè pa àwọn kòkòrò náà, kí iye wọn dín kù, kí èérí má baà tètè nípọn. Èkejì, ó lè jẹ́ kí wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n kí ó dí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má lè gba ṣúgà wọlé tàbí kí wọ́n má lè sọ ọ́ di ásíìdì. Èyí dà bí ìgbà tí a kò lé alágbẹ̀dẹ kúrò ní ìlú, ṣùgbọ́n tí a gba ẹwìrì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù kí ó gbà, bí oògùn náà kò bá lè dúró lẹ́nu lẹ́yìn tí a ti tu ú dànù, iṣẹ́ rẹ̀ kò lè pẹ́.

Oògùn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni chlorhexidine, èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a kọ́kọ́ ń lò láti fi nu ara àti ojú ọgbẹ́. Ní ọdún 1970, Harald Löe àti Rindom Schiött tẹ ìwádìí kan jáde láti ìlú Aarhus ní ilẹ̀ Denmark. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn kan má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín rárá, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi omi chlorhexidine, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.2 nínú 100, ṣan ẹnu fún ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èérí kò gbá jọ sí eyín wọn, erìgì wọn kò sì wú. Ìyanu ni èyí jẹ́ fún àwọn oníṣègùn eyín, nítorí ọdún 5 péré ṣáájú ni Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé bí ènìyàn tí ara rẹ̀ dá bá ṣíwọ́ fífọ eyín, kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí erìgì rẹ̀ yóò fi wú.

Àṣírí chlorhexidine ni pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín, mọ́ ara inú ẹnu, àti mọ́ ara kòkòrò. Bí a bá tu omi rẹ̀ dànù, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ṣẹ́kù sí ẹnu, yóò sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Bí ó bá pọ̀, ó ń fọ́ ara kòkòrò. Bí ó bá kéré, ó ń dí ọ̀nà tí kòkòrò fi ń gba ṣúgà wọlé. Nítorí náà, ó ń lo ọ̀nà méjèèjì tí a ti sọ.

Bí a ti ń dán irú agbára yìí wò kò yàtọ̀ púpọ̀ sí iṣẹ́ Stephan. Òun fúnra rẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti gbé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1943. A ó ní kí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn má ṣe fọ eyín fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èérí lè jọ. Ní ọjọ́ kan, wọn yóò fi omi lásán ṣan ẹnu, lẹ́yìn náà wọn yóò fi omi ṣúgà ṣan án, a ó sì wọn ìkan èérí náà. Ní ọjọ́ mìíràn, àwọn ènìyàn kan náà yóò lo oògùn dípò omi lásán, a ó sì tún fún wọn ní omi ṣúgà. Bí àfonífojì ọjọ́ oògùn kò bá jìn tó ti ọjọ́ omi, a mọ̀ pé oògùn náà ṣiṣẹ́. Bí a bá sì dúró fún wákàtí díẹ̀ kí a tó fún wọn ní ṣúgà, tí àfonífojì náà kò ṣì jìn, a mọ̀ pé oògùn náà ń pẹ́ lẹ́nu. Nínú irú ìdánwò yìí ni chlorhexidine ti ta yọ.

Oògùn mìíràn tún wà. Ní ọdún 1879, Joseph Lawrence ní ìlú St. Louis ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe omi apakòkòrò kan tí a sọ ní Listerine, láti fi bu ọlá fún Joseph Lister, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ ayé bí a ti ń fi oògùn pa kòkòrò ojú ọgbẹ́. Òróró olóòórùn dídùn láti ara ewéko ni agbára rẹ̀ wà. Òmíràn ni èyí tí a ń pè ní cetylpyridinium, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìgò tí a ń tà ní ọjà. Àwọn méjèèjì ń pa kòkòrò, wọ́n sì ń dín èérí kù bí a bá ń lò wọ́n déédéé pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọn kì í pẹ́ lẹ́nu tó chlorhexidine, agbára wọn lórí ásíìdì kò sì tó tirẹ̀.

Fúlóráìdì yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Kì í ṣe pípa kòkòrò ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Bí èérí bá kan, fúlóráìdì a máa wọ inú kòkòrò, a sì máa fa ọwọ́ iṣẹ́ ásíìdì rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù wà lára eyín: ó ń ran itọ́ lọ́wọ́ láti dá ohun tí eyín sọnù padà, ó sì ń jẹ́ kí ibi tí a tún ṣe náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sí ásíìdì. Nítorí èyí ni ìlú Grand Rapids ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí fi í sínú omi ẹ̀rọ ní oṣù kìíní ọdún 1945, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ ní ayé tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí rẹ̀ náà ni ó fi wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọnu lónìí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí ó gba àròjinlẹ̀. Bí chlorhexidine bá lágbára lórí ásíìdì tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí àwọn oníṣègùn kò fi ní kí gbogbo ayé máa lò ó lójoojúmọ́? Èkínní, ó ń sọ eyín àti ahọ́n di aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ má dùn lẹ́nu bí ó ti yẹ. Èkejì, ohun tí ń hó nínú ọṣẹ ìfọnu lè ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà a kì í lò wọ́n pọ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, dídín ásíìdì kù fún wákàtí díẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbígba eyín là fún ọdún púpọ̀. Bí èérí bá ti nípọn, tí ó ti wọ kọ̀rọ̀ eyín lọ, oògùn kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, gẹ́gẹ́ bí ọtí kíkan Leeuwenhoek kò ti dé e. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí ń wọlé lójoojúmọ́ ń dé e. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí pé chlorhexidine olómi ń dá ìjẹrà eyín dúró kò fi lágbára tó ẹ̀rí ti fúlóráìdì. Àwọn oníṣègùn ń lò ó fún àkókò kúkúrú, bí àpẹẹrẹ fún ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí lẹ́nu, tí kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ọgbẹ́.

Àwọn kan lè bèèrè pé, orín ńkọ́? Orín àtà, pákò Ìjẹ̀bú, ayín àti àwọn yòókù ti wà kí ìgò oògùn tó dé, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà sì ti yẹ omi ara wọn wò láti àwọn ọdún 1970. Wọ́n rí i pé omi púpọ̀ nínú wọn ń dí kòkòrò ẹnu lọ́wọ́ nínú ìgò ìdánwò. Ohun ìwúrí ni èyí, ṣùgbọ́n inú ìgò kì í ṣe inú ẹnu. Ohun tí ó dájú jù nípa orín ni pé ó ń ha èérí kúrò lára eyín bí a bá run ún dáradára, tí a sì mú un dé eyín ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ inú, kì í ṣe eyín iwájú nìkan. Nítorí ohun tí oògùn kò lè wọ inú rẹ̀, ọwọ́ tí ń ha nǹkan lè tú u ká.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí eyín òun pẹ́ lẹ́nu gbọ́dọ̀ fi ohun kọ̀ọ̀kan sí ipò rẹ̀. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọnu tí ó ní fúlóráìdì fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìgbà tí ó bá fẹ́ sùn. Kí ó dín iye ìgbà tí ohun dídùn ń kan ẹnu rẹ̀ kù. Bí ó bá fẹ́ lo omi oògùn ìfọnu tí ó ní fúlóráìdì, kí ó má ṣe lò ó ní kété tí ó bá fi ọṣẹ fọ ẹnu tán, kí ó má baà ṣan fúlóráìdì ọṣẹ náà dànù. Kí ó wá àkókò mìíràn fún un, bí ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ lò ó, àfi bí oníṣègùn eyín bá pàṣẹ rẹ̀, nítorí wọ́n lè gbé e mì. Bí ihò bá sì ti yọ, kò sí omi oògùn tí ó lè dí i. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ kí ó tó di ohun tí a ń fà yọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wó ilé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ásíìdì inú èérí eyín ni àgbàrá náà. Oògùn lè dín agbára rẹ̀ kù fún ìgbà díẹ̀, itọ́ sì lè tún ibi tí ó ti kàn ṣe, ṣùgbọ́n onílé ni ó gbọ́dọ̀ gbá ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́ ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́.